Eérú Ajẹ́lẹ̀ ní Àpáta Aláàárù

Èmi ni mo ru ajẹ́lẹ̀ òyìnbó láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èmùré, òun àti ẹṣin rẹ̀, tábìlì rẹ̀, àga rẹ̀, àti òjò tó ń rọ̀ lé e lórí, gbogbo rẹ̀ lórí òṣùká kan ṣoṣo, n kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé ọ̀hún, ẹṣin ló rẹ̀, kò rẹ èmi. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi ẹṣin.

Ìyàwó mi ní bí mo bá fi èyí bẹ̀rẹ̀ ìwé, kò sẹ́ni tí yóò ka ìyókù. Mo ní ẹni tí kò bá lè gbé ẹṣin mì, báwo ni yóò ṣe gbé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn mì? Ṣùgbọ́n nítorí àlàáfíà inú ilé, ẹ jẹ́ kí n dín in kù. Àpótí ìwé ajẹ́lẹ̀ ni mo rù. Ẹṣin fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Láyé ìgbà náà, òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí. Ajẹ́lẹ̀, tí àwọn alákọ̀wé ń pè ní Dí-Ó, ni í máa ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì láti gbọ́ ẹjọ́, láti wo ọ̀rọ̀ owó orí, láti bi ọba léèrè ohun tí ọba kò fẹ́ dáhùn. Mọ́tò kò lè gba ọ̀nà Ìsẹ̀ sí Èmùré lásìkò òjò, nítorí náà aláàárù ni wọ́n máa ń kó jọ. Wọ́n gbé ibùsùn tó ń ká pọ̀ fún ẹnì kan, wọ́n gbé ìkòkò àti àwo fún ẹlòmíràn, wọ́n gbé àpótí ìwé fún mi, nítorí pé mo ti kàwé dé Sítáńdáàdì Mẹ́ta. Ajẹ́lẹ̀ gbà pé ẹni tó bá mọ̀wé kò ní ju ìwé sómi. Èrò òyìnbó nìyẹn. Ẹni tó mọ̀wé gan-an ló mọ èyí tó yẹ kó jù sómi.

Ọkùnrin gíga ni, ó tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ pọ́n bí ata tó pẹ́ lórí igi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé kíkọ ni tirẹ̀. Bí ìlú bá pè é wá jẹun, á kọ ohun tó jẹ. Bí a bá dúró mu omi, á kọ ọ́ pé a dúró. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó ń kọ̀wé lórí ẹṣin, tí ẹṣin sì ń yí ọrùn padà láti wo ohun tó ń kọ.

Àpáta kan wà láàárín Ìsẹ̀ àti Èmùré, létí odò, lórí ilẹ̀ ẹbí wa. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, gíga rẹ̀ sì tó èjìká ọkùnrin. Ẹni tó bá ti ru ẹrù rí ni yóò mọ iyì rẹ̀. Bí o bá sọ ẹrù wúwo sílẹ̀ẹ́lẹ̀, o gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò bá ọ gbé e rù, bí gbogbo yín bá sì ti sọ̀ tán, ta ni yóò gbé ti ẹni ìkẹyìn rù ú? Lórí àpáta yìí, wàá kàn tẹ orúnkún díẹ̀, ẹrù á sì ti orí rẹ bọ́ sórí òkúta. Bí o bá fẹ́ máa lọ, wàá tún tẹ orúnkún, wàá fà á padà sórí. O kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Àpáta Aláàárù.

Ibẹ̀ la ti máa ń sun iṣu, tí a ó fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Ajẹ́lẹ̀ ní oúnjẹ tirẹ̀ nínú agolo, ṣùgbọ́n bí òórùn iṣu bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán, á wá dúró nítòsí wa bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù. A ó bù fún un. Á gun orí àpáta, á jókòó láàárín àwọn ẹrù, á fi ọwọ́ jẹ ẹ́, epo á máa ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀. Kò ní kọ nǹkan kan títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí i tí ọwọ́ rẹ̀ sinmi.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn. A kò sunkún, òun náà kò sunkún. Òyìnbó mìíràn rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn kó ẹrù wọn lọ. Mo fi òṣùká sílẹ̀, mo gbin kòkó, mo gbéyàwó, mo bímọ, mo di ẹni tí àwọn ọmọdé ń yí ká láti gbọ́ irọ́.

Ìgbà tí mo tún máa gbúròó rẹ̀, wọ́n ti gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó, a ti di ìpínlẹ̀ tuntun. Gbogbo ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ń sáré lọ sí Adó láti wá ipò. Gbogbo ìlú ń wá ìtàn tí yóò fi han ìjọba pé òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà sí ọ̀nà rẹ̀. Tíṣà kan wà ní Ìsẹ̀, ọmọ aládùúgbò wa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama. Òun ló mú obìnrin òyìnbó kan wá bá mi nínú takisí láti Adó.

Obìnrin náà kì í ṣe ọmọdé. Irun rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ ti pọ́n fún erùpẹ̀. Báàgì méjì ló gbé wá. Ńlá wúwo, tíṣà ló bá a gbé e. Kékeré wà lórí itan rẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ kódà nígbà tí mo fún un lómi.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," tíṣà ní. "Ọmọ ajẹ́lẹ̀ tí ẹ máa ń sọ ìtàn rẹ̀ nìyí."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí ẹ ní ẹ ru ẹṣin rẹ̀."

"Ẹ jókòó," ni mo wí.

Tíṣà ṣàlàyé. Ajẹ́lẹ̀ ti kú. Ó dàgbà, ó gbó, kó tó kú. Ìwé tó kọ láyé rẹ̀ kún yàrá kan, ọmọ rẹ̀ yìí sì ti ń tò ó láti fi kọ ìtàn ayé bàbá rẹ̀. Òun nìkan ni ajẹ́lẹ̀ bí, òun náà kò sì bímọ.

"Gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé bàbá rẹ̀ ló ti wá kiri," tíṣà ní. "Ó bi wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ní ẹni náà ti kú. Ó bi wọ́n ní Èmùré, ó ti kú. Nínú àwọn tó bá a rìn, ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó kù."

"Èmi náà ń múra àtilọ," ni mo wí, "ṣùgbọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ mu omi tán."

Ó fẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí bàbá òun jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro díẹ̀. Ẹni tí o bá ń tẹ̀ lé lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù lórí, ẹ̀yìn rẹ̀ lo mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ọ̀nà jíjìn wá, n kò sì lè fún un ní ẹ̀yìn nìkan. Mo sọ fún un pé ẹkùn kan yọ sí wa lọ́jọ́ kan nínú igbó Ìsẹ̀, gbogbo aláàárù sá, ajẹ́lẹ̀ kò sá. Ó mú pẹ́ẹ̀nì, ó ṣí ìwé, ó bi ẹkùn ní orúkọ kó lè kọ ọ́ mọ́ àwọn tó ń san owó orí. Bí ẹkùn ṣe gbọ́ owó orí, ó wọgbó lọ, a kò rí ẹkùn mọ́ ní gbogbo agbègbè yẹn títí di òní.

Tíṣà kọjú sí mi. "Bàbá, ṣé kí n túmọ̀ ìyẹn?"

"Kí lo wá jókòó fún?"

Ó túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fa pẹ́ẹ̀nì yọ.

"Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ o, bàbá."

"Ọmọ bàbá rẹ̀ ni."

Lẹ́yìn náà ó ṣí báàgì ńlá. Ìwé ni, ìdì lórí ìdì, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó ní òun yóò fi wọ́n sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìsẹ̀. Ó kà, tíṣà ń túmọ̀. Ajẹ́lẹ̀ kọ nípa afárá tó wó, nípa ẹjọ́ ilẹ̀, nípa ẹ̀fọn tó wọ inú àwọ̀n ibùsùn rẹ̀. Mo dúró kí ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ka ibi tí èmi wà," ni mo wí.

Tíṣà bi í. Obìnrin náà wá a, ó wá a, ó rí ojú ìwé kan. Tíṣà ní, "Wọ́n kọ ọ́ báyìí pé, 'Àwọn aláàárù ń kùn nítorí òjò.'"

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Kò sí orúkọ, bàbá. 'Àwọn aláàárù' ni wọ́n kọ."

Mo rò ó wò. Òótọ́ ni pé a kùn. A pọ̀ níye nígbà náà, ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀, ẹnu kan la ní.

Obìnrin náà wá mú abala ìwé kan jáde nínú àpò aṣọ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀dà. Ọwọ́ arúgbó ló kọ ọ́, ó ń gbọ̀n. Tíṣà kà á fúnra rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ojú.

"Bàbá, ajẹ́lẹ̀ ní nígbà tí òun bá kú, kí wọ́n gbé òun wá sí àpáta kan ní ọ̀nà Èmùré, létí odò, níbi tí àwọn aláàárù ti ń sọ̀."

"Àpáta wa?"

"Àpáta yín ni. Obìnrin yìí fẹ́ sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀."

"Ó dáa. Òkú náà dà?"

Tíṣà wo báàgì kékeré tó wà lórí itan obìnrin náà. Mo wo ibi tó ń wò.

"Ọkùnrin gíga yẹn?" ni mo wí.

"Wọ́n sun ún ni, bàbá. Eérú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún."

Mo fa àga mi sẹ́yìn díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Ẹsẹ̀ àga náà ló mì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Òun ni àkọ́bí bàbá wa, òun sì ni àgbà nínú ẹbí. Ìyá ìjọ ni, ẹnu rẹ̀ kò sì gba irọ́ rí. Bí mo ṣe jogún ẹnu nílé wa ni òun ṣe jogún ìjánu. Ó wọlé wá, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni í ṣẹlẹ̀ ní ubí?" ló bi mí. "Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ sin ẹni tí uná jó sí ulẹ̀ bàbá wa."

"Kò tíì sí ẹni tó sin ẹnì kan," ni mo wí.

"Kò sì níí sí," ló wí, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Tíṣà túmọ̀ èyí fún obìnrin náà pé àwọn ẹbí yóò jókòó lé e lórí. Ọmọlúwàbí ni tíṣà, ó mọ bí a ṣe ń fi omi tútù la ọ̀rọ̀ gbígbóná.

Ọ̀rọ̀ náà kò le fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó le fún obìnrin yìí. Ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ yóò gbéra lópin ọ̀sẹ̀ náà. Bí ẹbí bá kọ̀, yóò gbé bàbá rẹ̀ padà sínú báàgì. Ó ní kò sí ibi tí yóò gbé e padà sí, wọ́n ti ta ilé bàbá rẹ̀, òun náà ń gbé nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí òun náà bá kú, ẹni tó bá wá kó ẹrù ni yóò da bàbá òun nù. Nígbà tí tíṣà sọ èyí, n kò rí nǹkan fi ṣe ẹ̀fẹ̀, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ní ọjọ́ kejì, a pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọlọ́jà, ẹni tó jẹ́ olórí abúlé wa. Àwọn ọkùnrin ẹbí jókòó lápá kan, ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú àwọn obìnrin. Obìnrin òyìnbó jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, báàgì rẹ̀ lórí itan, tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́jà wú ikọ́. "Tíṣà, bá mi bi í. Kí ni bàbá rẹ̀ ṣe tí wọ́n fi sun ún?"

Ní tiwa, ẹni tí a bá sun, ó lóhun tó fi ọwọ́ rẹ̀ fà. Ẹni rere, ilẹ̀ la fi í fún. Tíṣà mọ èyí, ojú sì tì í láti túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó wá bi obìnrin náà ni pé kí ni bàbá rẹ̀ ṣe láyé rẹ̀. Ojú obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ó ní bàbá òun ṣe ajẹ́lẹ̀, ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn tálákà, ó kọ ìwé nípa ẹyẹ, ó gbin òdòdó, ó kọ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ fún wa bó ti wí.

Ọlọ́jà wo àwọn àgbà, àwọn àgbà wo ọlọ́jà.

"Nítorí òdòdó ni wọ́n ṣe sun ún?" ló wí.

"Bóyá oko olóko ló gbìn ín sí," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

"Ó kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sun ún," ọkùnrin mìíràn wí. "Ohùn rẹ̀ mà burú o."

Tíṣà rí i pé òun ti kó sínú kòtò, ó wá jẹ́wọ́ fún wa pé ìbéèrè ọlọ́jà kọ́ ni òun bi í. Ó ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe ìyà. Àyè ilẹ̀ wọn kéré, ẹni rere àti ẹni burúkú, iná kan náà ni. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà. Ọlọ́jà gbà, nítorí ó ti ń ro ọ̀nà.

"Bí sàréè òyìnbó bá wà ní ubẹ̀," ló wí, "ṣé ìjọba Adó kò níí fi ọ̀dà sí ọ̀nà Èmùré, kí àwọn òyìnbó lè máa wá wò ó?"

"Wọ́n á wá wo kí ni?" ẹ̀gbọ́n mi bi í. "Eérú? Eérú wà nínú ààrò mi, kò sí òyìnbó tó wá wò ó rí."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ mi," ló wí. "N kò bá obìnrin yìí jà. Ọmọ tó gbé bàbá rẹ̀ rìn ni, mo kí i. Ṣùgbọ́n ulẹ̀ ẹbí ni. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí, a kì í sin ín sí ulẹ̀ ẹbí, àfi bí ẹni tó ni ulẹ̀ bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ fún un nígbà tó wà láyé. Bàbá wa ló ni ulẹ̀ yẹn. Bàbá wa ti lọ. Ta ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

Ọlọ́jà mi orí. Bí àṣà wa ṣe rí nìyẹn, kò sì sí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe lè tẹ̀ ẹ́. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ obìnrin náà mú etí báàgì náà, bí ẹni tó ń múra láti dìde.

"Èmi gbọ́ ọ," ni mo wí.

Gbogbo orí yí sí mi.

Mo dìde. Mo ní ó ṣẹlẹ̀ lójú mi, lásìkò tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. A ti sọ̀ lórí àpáta. Bàbá mi wá láti oko rẹ̀ tó wà létí ibẹ̀, ó gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ wá, a sun ún. Ajẹ́lẹ̀ jẹ, ó jẹ ti ọwọ́ bàbá mi mọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ lu àpáta, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ sọ pé ibí yìí dùn láti sùn. Bàbá mi sì dá a lóhùn pé, "Bí oorun bá kùn ọ́, ajẹ́lẹ̀, wá sùn ín níbí. Mo fún ọ."

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé ṣáájú kí o tó ru ẹṣin ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọlọ́jà ní láti fi ọ̀pá lu ilẹ̀. N kò bá wọn wí. Ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ta irọ́, ọjọ́ tó bá gbé ọjà mìíràn wá, wọn kò ní dá a mọ̀. Obìnrin náà ń wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín, tíṣà kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

Ọlọ́jà ní, "Ẹ má bínú, àgbà ni yín, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ulẹ̀ ẹbí lé ẹnu yín. Ìyá, bí bàbá bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin àkọ́bí rẹ̀ ni ẹ ó mọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un lóko. Kí lẹ gbọ́?"

Gbogbo wa kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. N kò wò ó. Òrùlé ni mo ń wò, páànù kan wà níbẹ̀ tí ìṣó rẹ̀ ti yọ.

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọlọ́jà ló dá lóhùn.

"Tíṣà, bi í léèrè. Láti ìgbà tó ti dé Adó, níbo ni bàbá rẹ̀ ń sùn?"

Tíṣà bi í, ó sì bi í dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní lórí àga ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn òun ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní òun máa ń fi síkáàfù òun bò ó lálẹ́, òun mọ̀ pé ìwà aláìgbọ́n ni.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́tí títí tíṣà fi túmọ̀ rẹ̀ tán. Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní:

"Bàbá wa sọ ọ́. Mo gbé ẹ̀kọ lọ fún un lóko lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ. Kò sọ pé orí àpáta ni. Ẹsẹ̀ àpáta ló wí, ní apá ibi igi obì, kí àgbàrá má baà gbé e lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn yẹn ń họ orí. Ọlọ́jà fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti parí, kí àwọn ọ̀dọ́ lọ gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí tíṣà sọ ọ́ fún obìnrin náà, ó fi etí báàgì náà sílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tún wá ṣẹlẹ̀. Tíṣà rò pé ihò kékeré ni wọn yóò gbẹ́, bí ihò tí a fi ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tó gùn bí ọkùnrin gíga, ó jìn, wọ́n sì gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé.

"Kí ni gbogbo èyí?" tíṣà bi wọ́n. "Agolo eérú kan péré la fẹ́ gbé síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. "Ọmọ mi, a kì í sin àgbà sí ihò ọmọdé. Ṣé kí ó ká ẹsẹ̀ kò títí ayé ni?"

Nítorí náà wọ́n tẹ́ aṣọ funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀ sàréè náà, gígùn rẹ̀ bí ti ènìyàn. Ọmọ ajẹ́lẹ̀ yọ agolo náà láti inú báàgì fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un níbi tí yóò gbé e sí, ní ibi tí àyà máa ń wà. Wọ́n ká aṣọ bò ó. Tíṣà ka Sáàmù, àwọn obìnrin ìjọ kọ orin kan. Ọmọ náà kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn náà èmi. Ìgbà tí wọ́n fi bo ilẹ̀ náà tán, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé odidi òyìnbó ló wà níbẹ̀.

Ẹnì kan ti sun iṣu. A jẹ ẹ́ lórí àpáta. Obìnrin náà fi ọwọ́ jẹ ẹ́, epo sì ta sí aṣọ rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n tún ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ fún bàbá òun sọ, kí òun lè kọ ọ́ sínú ìwé. Mo tún un sọ. Tíṣà túmọ̀ rẹ̀, obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á padà, ó sì fi ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó padà lọ sí Adó lọ́jọ́ náà, ó sì bá ọkọ̀ òfurufú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fi ọ̀dà sí ọ̀nà. Wọ́n gbé tíṣà lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ní Adó, bó ṣe fẹ́. Ìdì ìwé tí obìnrin náà fi sílẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́ náà títí di ìgbà tí mo gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n ní ikán kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́, àfi lẹ́ẹ̀kan. A jọ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni bàbá wa dárúkọ igi obì?"

"Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀," ló wí. "O kò mọ ibi tí àgbàrá ń gbà. Bí mo bá fi í sílẹ̀ fún ọ, ibi tí o máa sin ọmọ ọlọ́mọ sí, òjò kan ni yóò kó o lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi náà ti lọ báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́. Bàbá mi kò bá ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Kò sun iṣu fún un, kò sì fún un nílẹ̀. Bí bàbá mi bá ti rí fìlà òyìnbó lókèèrè, inú kòkó ló ń sá wọ̀ nítorí owó orí, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí a ó fi ru ẹrù wa kọjá. Ọ̀rọ̀ tí mo ní ó sọ, èmi ni mo dá a sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọlọ́jà, nígbà tí mo rí i tí ọwọ́ obìnrin náà mú etí báàgì. Ti igi obì, ẹ̀gbọ́n mi ló dá ìyẹn sílẹ̀.